Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Irin Abẹ́ Sikéètì àti Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tó Bá Pátákó Mu

Ìtàn tòní kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ààfin Ìkẹ́rẹ́ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlẹ̀kùn kan wà ní London tó jẹ́ ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó fi Ìsẹ̀-Èkìtì ṣe ilé, tó sì gbẹ́ ère fún Arínjálẹ̀, ló gbẹ́ ìlẹ̀kùn náà fún Ọ̀gọ̀gà ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Lọ́dún 1924, wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, kò sì padà wálé mọ́. British Museum ló gbà á, wọ́n sì fi àga ìtẹ́ kan dí i fún Ọba. Lára àwọn àwòrán tó wà lára ìlẹ̀kùn náà, Ọba jókòó pẹ̀lú adé lórí, òyìnbó aṣojú ìjọba sì ń bọ̀ wá kí i. Ẹ wá wo bó ṣe ń bọ̀: èèyàn ló gbé e. Ọ̀kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn, òyìnbó wà láàárín wọn bí ẹrù. Kò sí táyà kankan nínú ìrìn àjò yẹn.

Ohun tí kò sí lára ìlẹ̀kùn yẹn la fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, ìyẹn irin tó máa ń so táyà mọ́ pátákó. Ohun tó fa ọ̀rọ̀ ni pé àwọn kan láàárín wa ti ń fojú sí sikéètì, ìyẹn pátákó onítáyà mẹ́rin tí àwọn ọ̀dọ́ ń dúró lé lórí, tí wọ́n ń fi fò, tí wọ́n sì ń fi yí. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn kò ju ọ̀kan lọ: irin wo ni kí n rà? Wọ́n ń pe irin yìí ní trucks lédè Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. Méjì ni ó máa ń wà lábẹ́ pátákó, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹni tó bá rà á ní ìwọ̀n tí kò yẹ ti sọ owó nù, ó sì lè fi ọrùn ọwọ́ tàbí ọrùn ẹsẹ̀ san ìyókù.

A wá ìdáhùn lọ sínú ìtàn, ohun tí a sì rí níbẹ̀ ni pé fún ìgbà pípẹ́, kò sẹ́ni tó ń yan ìwọ̀n irin yìí rárá. Ohun tó bá wà nílẹ̀ ló ń yàn án fún wọn.

Kẹ̀kẹ́, ọmọlanke àti bẹ́árìn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kẹ̀kẹ́ ni àwọn ìyá wa ń pe ohun tí wọ́n fi ń ran òwú. Nínú Bíbélì Yorùbá, kẹ̀kẹ́ náà ni ọkọ̀ ogun tí ẹṣin ń fà. Nígbà tí básíkù dé, òun náà gba orúkọ yẹn. Nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé Èkó lásìkò Buba Marwa, ológun tó ṣàkóso ìpínlẹ̀ náà láàárín 1996 sí 1999, ó di kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Alùpùpù gba orúkọ lára ìró ẹnu ara rẹ̀. Ọ̀kadà gba tirẹ̀ lára ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Okada Air. Bọ̀lẹ̀kájà ńkọ́? Ìjà àwọn èrò inú rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Kò sí ohun onítáyà tó wọ ilẹ̀ wa tí èdè wa kò wá ibi kan fi sí.

Nínú gbogbo wọn, ọmọlanke ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù. Ẹni tó bá ti dé ọjà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùré ní ọjọ́ tí ọjà kún mọ̀ ọ́n dáadáa: pátákó gbọọrọ, táyà méjì, ọwọ́ ìtì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe púpọ̀ nínú wọn ni pé wẹ́dà á lọ wá ọ̀pá irin tó gbé táyà méjì mọ́tò tó ti kú, á jó irin mọ́ ọn lórí, á wá to pákó lé e. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ọmọlanke bó ṣe fẹ́ kí ara òun fẹ̀ tó. Mọ́tò tó kú ló ti pinnu. Bí mọ́tò náà bá jẹ́ kékeré, ọmọlanke á tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá jẹ́ ńlá, á fẹ̀ débi pé kò ní lè gba àárín àwọn àtẹ kọjá.

Àbúrò ọmọlanke ni pátákó oníbẹ́árìn tí àwọn ọmọdé ń kàn. Wọ́n á tọrọ bẹ́árìn tó ti jẹ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, wọ́n á fi ọ̀bẹ gbẹ́ orí igi títí yóò fi wọ inú ihò bẹ́árìn náà ṣinṣin, wọ́n á wá kan igi yẹn mọ́ abẹ́ pákó pẹ̀lú ìṣó. Bí wọ́n bá gbé e dórí ọ̀dà níbi tó dà gẹ̀rẹ́, ariwo rẹ̀ tó láti jí àgbàlagbà lójú oorun ọ̀sán. Ó ń sáré, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń yí. Igi tí wọ́n kàn pa kò lè mì. Àwọn ọmọ tó gbọ́n díẹ̀ máa ń fi bóòtì kan ṣoṣo di igi iwájú mú láàárín, wọ́n á so okùn mọ́ ọn lápá méjèèjì, wọ́n á máa fà á bí ìjánu ẹṣin.

Ẹ má gbàgbé igi iwájú yẹn àti bóòtì àárín rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n tó kù wà. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i tó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ń gbé ní òdìkejì òkun, bàtà ló sì ń ṣe.

Bàtà Plimpton, 1863

Àwọn bàtà onítáyà ti wà ní Yúróòpù tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Oríṣi kan to táyà tẹ̀lé ara wọn ní ìlà kan ṣoṣo lábẹ́ ẹsẹ̀, ó sì ní irú àìsàn tí pátákó oníbẹ́árìn ní: iwájú nìkan ló mọ̀. Ní oṣù Kínní ọdún 1863, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ James Leonard Plimpton gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí oríṣi tuntun. Kí a lè mọ bó ṣe pẹ́ tó, ọdún 14 ló kù kí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì nígbà náà.

Ohun tí Plimpton ṣe ni pé ó pín táyà mẹ́rin sí méjì-méjì, méjì lábẹ́ iwájú ẹsẹ̀, méjì lábẹ́ gìgísẹ̀. Kò kàn wọ́n pa. Ó fi ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sórí ibi tó ń mì, ó sì tẹ́ rọ́bà sí i kí ó lè máa padà sípò. Nígbà tí ẹni tó wọ bàtà bá fi ara tẹ̀ sí ọ̀tún, ọ̀pá méjèèjì á yí, bàtà á sì tẹ̀ sí ọ̀tún. Kò nílò okùn. Ara ẹni fúnra rẹ̀ ni ìjánu.

Títí di òní, bí irin abẹ́ sikéètì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká sọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀ lórúkọ kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lè yé wa. *Ìdí* ni irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bóòtì mẹ́rin dè mọ́ pátákó. *Apá* ni irin tó nà sí ọ̀tún àti òsì. *Ọ̀pá* ni irin róbótó tó gba inú apá kọjá, tó yọ orí síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí táyà ń yí lórí rẹ̀. *Bóòtì àárín* ló so apá mọ́ ìdí, *rọ́bà* méjì sì wà lára rẹ̀ tó ń jẹ́ kí apá lè tẹ̀ kí ó sì padà.

Ẹ wá ṣàkíyèsí ìwọ̀n. Nítorí pé abẹ́ bàtà ni irin Plimpton ń lọ, apá rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju bàtà lọ. Ó tọ̀nà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí eku mìíràn wọ inú ìtẹ́ náà.

Ọdún 112 lábẹ́ ìjọba bàtà

Ní Amẹ́ríkà, kí ìdajì ọ̀rúndún ogún tó pé, àwọn ọmọdé ti ń tú bàtà onítáyà palẹ̀, wọ́n ń kan irin rẹ̀ mọ́ abẹ́ pákó àti àpótí. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń fi bẹ́árìn mẹkáníìkì ṣe gan-an ni. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ọ̀dọ́ California tó ń fi pátákó gun ìgbì òkun rí i pé bí òkun bá dákẹ́, àwọn lè gun títì bí ẹni gun ìgbì. Ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pátákó náà tà, ṣùgbọ́n irin bàtà ni wọ́n ṣì ń fi sí abẹ́ rẹ̀. Táyà rẹ̀ le bí àwo amọ̀. Bí ó bá kọ òkúta wẹ́wẹ́, ó dúró lójijì, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á sì máa bá eré lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1965, ìfarapa ti pọ̀, àwọn ìlú kan ti fòfin dè é, òkìkí rẹ̀ sì rọlẹ̀.

Frank Nasworthy ló jí i. Ní nǹkan bí ọdún 1972 sí 1973, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta táyà tí wọ́n fi urethane ṣe, ohun kan tó rọ̀ díẹ̀ bíi rọ́bà ṣùgbọ́n tí kì í tètè jẹ. Ó pè é ní Cadillac Wheels. Táyà yìí ń di ilẹ̀ mú, òkúta wẹ́wẹ́ kò sì dá a dúró mọ́. Eré wá pọ̀. Bí eré ṣe pọ̀, àṣírí irin bàtà tú. Pátákó ti ń fẹ̀ sí i kí ẹsẹ̀ lè rí ibi dúró, ṣùgbọ́n apá irin abẹ́ rẹ̀ ṣì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fojú inú wo àpótí ìjókòó tí ojú rẹ̀ gbòòrò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kóra jọ sí àárín. Ẹni tó bá jókòó sí etí rẹ̀ kò ní pẹ́ nílẹ̀ kó tó dojú bolẹ̀.

Ọdún 1975 ni ojútùú dé. Ron Bennett gbé irin kan jáde tó jẹ́ pé sikéètì ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, tí kì í ṣe bàtà. Ní ọdún yẹn kan náà, Larry Balma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California dá Tracker sílẹ̀, apá irin tiwọn sì fẹ̀ tó ínṣì 4 àti ìdá mẹ́rin kan. Lójú òní, ìyẹn kéré. Lójú àwọn ìgbà yẹn, ó fẹ̀ gan-an. Ní 1978, Independent tẹ̀lé wọn láti San Francisco, òun náà sì wà títí di ìsinsìnyí.

Láti 1863 sí 1975 jẹ́ ọdún 112. Gbogbo ìgbà yẹn, bàtà ló ń yan ìwọ̀n irin fún pátákó, gẹ́gẹ́ bí mọ́tò tó kú ṣe ń yàn án fún ọmọlanke. Ọjọ́ tí ẹnì kan jókòó tó wọn pátákó fúnra rẹ̀, tó sì ṣe irin tó bá a mu, ni yíyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Pátákó fẹ̀, pátákó tún sún

Láti ìgbà yẹn, pátákó ló ń yí padà, irin ń sáré tẹ̀ lé e. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn tó ń gun ògiri kòtò onísìmẹ́ńtì lọ sókè fẹ́ pátákó tó fẹ̀, ọ̀pọ̀ sì tó ínṣì 10. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, eré kúrò nínú kòtò, ó bọ́ sí ojú pópó. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ẹsẹ̀ ta pátákó kí ó yí po lófuurufú kí wọ́n tó bà lé e. Pátákó tó fẹ̀ wúwo jù fún irú ìyẹn, nítorí náà ó sún wọlé dé nǹkan bí ínṣì 7 àtààbọ̀, táyà náà sì kéré gan-an. Lónìí, ọ̀pọ̀ wà láàárín ínṣì 8 sí 8.5.

Àkókò àyípadà yìí kan náà ni wọ́n sún ihò bóòtì mẹ́rin tó wà ní ìdí irin mọ́ra. Ti àtijọ́ jìnnà síra wọn ní ínṣì 2.5 lóòró, ti ìsinsìnyí jẹ́ ínṣì 2 àti ìdá mẹ́jọ kan. Ìbú wọn kò yí padà. Àwọn irin kan ní ihò mẹ́fà kí wọ́n lè bá méjèèjì mu. Ẹni tó ń ra ohun tòkúnbọ̀ ni kó fi èyí sọ́kàn, nítorí irin àtijọ́ lè má wọ pátákó tuntun.

Láti inú ìtàn yìí náà ni àwọn nọ́ńbà tó ń da orí rú ti wá. Lára irin Independent, ẹ ó rí 139, 144, 149, 159. Ìwọ̀n apá ni, ní mìlímítà. Venture ní tirẹ̀ ń kọ 5.2 tàbí 5.6, ìwọ̀n apá náà ni, ṣùgbọ́n ní ínṣì. Bí a bá ti wá wọn ọ̀pá láti orí dé orí, 139 ti Independent àti 5.2 ti Venture bára dọ́gba ní ínṣì 8. Nọ́ńbà méjì tí kò jọra, ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé nọ́ńbà nìkan yóò ṣì í rà.

Bí a ṣe ń yàn án lónìí

Bí ìtàn náà bá ti yé wa, òfin rẹ̀ kò le. Pátákó ni kí a kọ́kọ́ mú, kí a tó mú irin.

Ìkíní, *ìbú*. Fi téèpù káfíńtà wọn ìbú pátákó níbi tí irin yóò wà. Lẹ́yìn náà, wọn ọ̀pá irin láti orí kan dé orí kejì. Ó yẹ kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí ìyàtọ̀ wọn má ju ìdá mẹ́rin ínṣì kan lọ. Pátákó ínṣì 8 ń fẹ́ ọ̀pá ínṣì 8, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 203. Pátákó 8.25 ń fẹ́ 210, 8.5 ń fẹ́ 216, 8.75 ń fẹ́ 222. Nínú ti Independent, nọ́ńbà tó bá wọn lọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé ni 139, 144, 149 àti 159. Bí ọ̀pá bá kúrú jù, ìtàn àpótí ìjókòó la sọ yẹn: pátákó á máa yẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí ó bá gùn jù, táyà á yọ síta, gìgísẹ̀ rẹ á máa kọ ọ́ nígbà tí o bá ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, pátákó á sì wúwo láti yí.

Ìkejì, *gíga*. Irin kan kúrú, òmíràn ga, ó sì níye ìdí. Bí pátákó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, abẹ́ rẹ̀ ń sún mọ́ táyà. Bí táyà bá tóbi jù fún gíga irin, pátákó á gún táyà, táyà á dúró gbọin-in, ìwọ á sì bá ọ̀nà tìrẹ lọ. Táyà mìlímítà 50 sí 52 lè lọ pẹ̀lú irin tó kúrú. Èyí tó wà láàárín gba nǹkan bí 52 sí 55. Bí táyà bá tó 56 sókè, irin tó ga ló yẹ, tàbí kí a fi rọ́bà pẹlẹbẹ kan há àárín ìdí irin àti pátákó.

Ìkẹta, *fífún*. Bóòtì àárín ni a fi ń fún rọ́bà tàbí tú u. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lè fún un díẹ̀ kí pátákó má máa mì jù. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fún bóòtì tó tí irin kékeré yóò fi di ńlá. Fífún kò lè tún ìwọ̀n ṣe.

Ìkẹrin, kí méjèèjì jẹ́ ìbejì. Irin iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bá ara wọn dọ́gba ní ìbú àti ní gíga.

Ilẹ̀ tiwa

Bí ẹnì kan bá ka gbogbo èyí láti California, ó lè parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Àwa kò lè parí rẹ̀ síbẹ̀, torí pé ilẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ kì í ṣe ilẹ̀ California. Orí òkè ni a wà. Orólé àti Olósùnta dúró ti ìlú lórí, ọ̀pọ̀ òpópónà wa sì ń gòkè tàbí ń sọ̀. Ọ̀dà tó ti hó, iyanrìn pupa tí òjò wọ́ bọ́ sójú títì, sìmẹ́ńtì tí wọn kò dán: ohun tí táyà yóò pàdé nìyẹn.

Táyà kékeré tó le, tí wọ́n kọ 99A sí lára, dára fún ibi tó dán bí ojú dígí. Lórí ọ̀dà tó hó, eyín rẹ á máa pa ara wọn. Táyà tó rọ̀, láàárín 78A sí 87A, tó sì tóbi díẹ̀, ló lè fara da ọ̀nà wa. Ẹ wá rántí òfin kejì: táyà tó tóbi ń béèrè irin tó ga. Nítorí náà, ẹni tó bá wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà, tó sì ra irin kúkúrú nítorí pé òun ni akọni inú fídíò ń lò, ti ra irin fún ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ó ti padà sí ọdún 1863 nìyẹn, àsìkò irin tí a ṣe fún ohun mìíràn. Níbí, ẹsẹ̀ rẹ àti pátákó ló ń yan ìbú. Ilẹ̀ ló ń yan gíga.

Ọ̀rọ̀ ìdákọ̀ró tún wà. Sikéètì kò ní bíréèkì. Ẹsẹ̀ nìkan ni. Ọ̀nà tó lọ láti Àkúrẹ́ sí Adó gba inú Ìkẹ́rẹ́ kọjá, tírélà kì í sì í dúró béèrè ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré. Ibi tó tẹ́jú tí ọkọ̀ kì í dé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀: iwájú gbọ̀ngàn tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́, tàbí pápá onísìmẹ́ńtì tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù aláwọ̀n. Kí a sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Láti Èkó dé Àkúrà, kí ó tó kan wa

Ẹ má rò pé eré yìí jìnnà sí wa. Ní Èkó, Jomi Marcus-Bello dá WAFFLESNCREAM sílẹ̀, ilé ìtajà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn ọ̀dọ́ sì yí i ká títí ó fi di ẹgbẹ́. Ní ìlú Accra tí àwa ń pè ní Àkúrà, Freedom Skatepark ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Sandy Alibo àti ẹgbẹ́ Surf Ghana ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Virgil Abloh, ayàwòrán aṣọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ghana, wà lára àwọn tó ṣe ìrànwọ́. Ó kú ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Ọdún 2021 yẹn kan náà ni sikéètì kọ́kọ́ wọ ìdíje Òlíḿpíìkì, ní Tokyo.

Ṣùgbọ́n láti Èmùré tàbí Ìsẹ̀, Èkó jìnnà, owó ọkọ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ní sikéètì lágbègbè wa, tòkúnbọ̀ ni yóò jẹ́, tàbí ohun tí ìbátan fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tó wà nílẹ̀ tún ti fẹ́ máa yan ìwọ̀n fún wa. Ohun tó yàtọ̀ ni pé a ti mọ ìtàn rẹ̀ báyìí. Téèpù káfíńtà kò wọ́n. Ẹni tó bá mú un dání lọ sídìí ọjà tòkúnbọ̀, tó wọn ọ̀pá láti orí dé orí, tó wo ihò ìdí irin, tó sì fi ọwọ́ tẹ rọ́bà wò bóyá ó ti gbó, kò ní gba ohun tí kò bá tirẹ̀ mu. Bí irin tí wọ́n bá gbé wá bá fẹ̀ ju pátákó lọ, pátákó ni ká wá pààrọ̀. Igi kì í wọ́n ní Èkìtì. Àwọn káfíńtà wa lè gé pátákó sí ìbú tí a bá fẹ́ bí a bá fún wọn ní ìwọ̀n tó péye, ó tó fún ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró tí wọ́n sì ń yí, bí kò tilẹ̀ ní lágbára tó pákó alápapọ̀ tí ilé iṣẹ́ ń ṣe fún fífò.

Ìlú tí Ọlọ́wẹ̀ ti gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn kò yẹ kó bẹ̀rù gígé pákó kan sí ìwọ̀n. Nígbà tí ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ lọ sí London, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣe é fún kò bá a lọ. Títí di òní, kò sí ẹnu ọ̀nà kan níbẹ̀ tó ń tì.

Iṣẹ́ kan ló kù, tiwa gan-an sì ni gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ èdè: kí ni ká máa pe irin yìí? Nínú àpilẹ̀kọ yìí a kàn pè é ní irin abẹ́ sikéètì, ó sì yé wa, ṣùgbọ́n ó gùn lẹ́nu. Ẹnì kan nínú wa dábàá *apátẹ̀*, torí pé apá tó ń tẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ní kí á dúró, kí àwọn ọmọ tó ń gùn ún sọ ọ́ fúnra wọn, torí pé kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó sọ ọ̀kadà lórúkọ. Ẹ̀yin ńkọ́?